Bí wọ́n ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù aṣọ ṣe bọ́ọ̀dù iná nílé

Nǹkan bíi kìlómítà 350 ni Bouaké fi jìnnà sí Abidjan. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ bọ́ọ̀dù iná kan ṣoṣo níbẹ̀ lè dúró títí kó tó dé láti China.

Àmọ́ ó ṣeé ṣe nílé. Wọ́n á ya ọ̀nà tí iná máa gbà sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á dojú rẹ̀ kọ òdì kejì, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó ń dán. Ẹ̀rọ tó ń lo yíǹkì olómi kò lè ṣe é, torí pé lẹ́búlẹ́bú ike ni tónà, ooru ló sì ń yọ́ ọ. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbà tí wọ́n ti fi sáńpépà ha mọ́ tónítóní. Ìdọ̀tí díẹ̀ báyìí, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí bébà bá bọ́ nínú omi, ferric chloride á jẹ bàbà tí tónà kò bò. Ewu wà níbẹ̀ o: ó ń jẹ irin, ó sì lè ba ojú jẹ́. Abọ́ ike ni kí wọ́n lò, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ da èyí tó kù sí gọ́tà, torí bàbà inú rẹ̀ máa ń pa ẹja.

Ihò tín-ín-rín, bíi mìlímítà 0.8, ló kù kí wọ́n lu.