Oòrùn Maiduguri, jẹnẹrétọ̀ àti ooru ayé: fóìsì tí a kọ sílẹ̀

(Ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé fóìsì, ọ̀rọ̀ náà rèé bí a ṣe gbọ́ ọ. Mẹ́ta ni fóìsì yẹn, a so wọ́n pọ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè, a fò ó.)

  Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé, àmọ́ ariwo pọ̀ jù lọ́jọ́ náà, ẹ sì mọ̀ pé èmi ò lè máa bá ẹnikẹ́ni du ọ̀rọ̀ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ yìí, tí mo ń bá fóònù sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú.

Ẹ rántí ohun tó wà nílẹ̀. Àwọn kan ní ká mú nínú owó ẹgbẹ́, ká fi ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tí yóò máa gbé iná fún ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ní Bulumkutu níbí. Àwọn kan ní rárá, sóólà ni. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá dá sí i pé ọ̀rọ̀ ooru ayé tí wọ́n ń sọ lórí rédíò yẹn, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, àwa ọjà la wá tà. Èmi ò bínú sí ẹ̀gbọ́n o. Mo kàn fẹ́ ká jọ wò ó dáadáa kí owó olówó tó jáde.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní ìlú yìí ní oṣù kìíní ọdún 2021 kò nílò olùkọ́. Wọ́n fi bọ́ǹbù wó òpó tó ń gbé iná wá láti Damaturu. Ní oṣù kẹta wọ́n tún un ṣe, inú wa dùn, kò pẹ́ rárá wọ́n tún wó o. Ó lé ní ọdún kan tí ìlú ńlá bíi Maiduguri fi wà láìsí iná ìjọba. Ẹ rántí àwọn tó ń ta omi tútù, àwọn tẹ́lọ̀, àwọn tó ń ta ẹja dídì. Ẹlòmíràn kó ẹrù, ó gba ilé lọ, kò padà wá mọ́. Lẹ́yìn náà ni NNPC wá kọ́ iléeṣẹ́ iná 50 MW síbí. Ó dáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gáàsì ni iléeṣẹ́ náà ń jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí páìpù gáàsì kankan tó dé ìlú yìí. Ọkọ̀ ló ní láti gbé e wá.

Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ nìyí. Wáyà, ọ̀nà ló ń gbà wá. Bẹntiróòlù, ọ̀nà ló ń gbà wá. Dísẹ́ẹ̀lì, gáàsì, gbogbo ẹ̀ ló ní láti gba ọ̀nà Damaturu kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá di ọ̀nà yẹn mú, òun ló di iná wa mú. Oòrùn nìkan ni kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbàgbé òyìnbó fún ìṣẹ́jú kan ná, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ti owó náà wà níbẹ̀. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tó wà ní bíi 190 náírà fò kọjá 500 ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ sì mọ ibi tó ti dé lẹ́yìn ìgbà yẹn. Kì í ṣe àwa nìkan ló rí i. Láàárín oṣù keje 2024 sí oṣù kẹfà 2025, páńẹ̀lì sóólà tó wọ Nàìjíríà láti Ṣáínà lé ní 1,700 MW. South Africa nìkan ló rà jù wá lọ ní gbogbo Áfíríkà. Ṣé nítorí ooru ayé ni gbogbo àwọn tó rà á ṣe rà á? Rárá o! Epo ló lé wọn débẹ̀.

Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé báwo ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tòun ṣe lè mú ayé gbóná. Ẹ gbé lítà bẹntiróòlù kan sórí òṣùwọ̀n, kò tó kílò kan, bíi 0.75 ni. Tó bá jó tán, gáàsì kábọ́ọ̀nù tó gba ẹnu sáléńsà jáde á tó kílò 2.3. Ẹ má pariwo, kì í ṣe idán. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú epo ló lọ fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ọ́síjìn yẹn ló jẹ́ kó wúwo. Gáàsì ọ̀hún kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, òun kọ́ ni èéfín dúdú tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn. Ó sì lè wà lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Kí ló ń ṣe lókè? Ẹ wo òru ọyẹ́ níbí, ní oṣù kejìlá. Ọ̀sán á móoru, àmọ́ tó bá di òru, òtútù á wọ èèyàn dé egungun, torí ojú ọ̀run mọ́ gaara, ooru ilẹ̀ kàn ń fò lọ ni. Ẹ wá wo òru oṣù kẹfà tí ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run tí òjò ò tíì rọ̀: ẹ ó làágùn mọ́jú. Ìkùukùu yẹn ti di kúbùsù. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì kábọ́ọ̀nù ṣe ń ṣe fún gbogbo ayé, tọ̀sán tòru, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, kúbùsù náà sì ń nípọn sí i lọ́dọọdún.

Kí n má parọ́ fún yín, àwa kọ́ la hun púpọ̀ nínú kúbùsù yẹn. Tẹ́ ẹ bá pín in kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ Nàìjíríà kan kò tó tọ́ọ̀nù kan lọ́dún. Ará Amẹ́ríkà kan lé ní tọ́ọ̀nù 13. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ti ayé yìí, eérú fo ẹni tó dà á, àwa ló ń tọ̀ bọ̀. Ẹ wo ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí dáàmù Alau ya. Ó lé ní 400,000 èèyàn tó sá kúrò nílé. Ẹranko ọgbà Sanda Kyarimi bọ́ sígboro, títí kan ọ̀nì. Ẹ̀yin tí ẹrù yín bómi lọ, ẹ ò tíì gbàgbé. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣe ìṣirò ẹ̀, wọ́n ní ooru ayé ti jẹ́ kí òjò ọdún yẹn ní agbègbè odò Ọya àti Lake Chad fi ìdá 5 sí 20 nínú 100 le ju bó ṣe yẹ kó rí. Òun nìkan kọ́ ló wó dáàmù o. Dáàmù tí wọn ò tọ́jú, ẹ̀bi ẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, omi tó wọlé lọ́jọ́ yẹn ni mo rántí.

Gáàsì kejì tún wà tí jẹnẹrétọ̀ ń pọ̀ jáde, òun ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́síìdì. Ìyẹn kì í dúró di ọgọ́rùn-ún ọdún, òru kan ló ń gbà. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ sùn sí ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọlọ́run ló ní kí epo tán lóru. A bá a láàárọ̀ tó ń bì, tí kò dá mi mọ̀. Ìyá ẹ̀ wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí lèmi ì bá pè é sọ? Ọjọ́ yẹn ni mo lọ ra sóólà.

Ìrà tí mo kọ́kọ́ rà, wọ́n yàn mí jẹ. Mo sọ ọ́ kí ẹ̀yin má baà kó sí i. Wọ́n kọ 400 W sẹ́yìn páńẹ̀lì, mo sanwó 400 W, kò gbé ohun tó tó ìdajì ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wá kọ́ mi lẹ́yìn ìgbà náà: ẹ mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan dání lọ ọjà. Páńẹ̀lì tó dáa, tó bá fẹ̀ tó mítà kan ní òró, mítà kan ní ìbú, nǹkan bí 200 W ló lè mú jáde, bó bá dáa gan-an 230. Èyí tó bá fẹ̀ tó mítà kan péré tí wọ́n kọ 400 sí lára, irọ́ ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ohun kejì yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni sóólà ń jẹ, kì í jẹ ooru. Ooru gan-an ń dín agbára ẹ̀ kù. Bí ooru ara páńẹ̀lì bá ti kọjá ìwọ̀n 25, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá fi lé sí i ń bù tó ìdá 0.3 sí 0.4 nínú 100 lọ. Ní oṣù kẹrin tí Maiduguri bá lé ní 40, ara páńẹ̀lì lè dé 65. Ẹ ṣírò ẹ̀, nǹkan bí 15 nínú 100 ti wọmi. Torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án mọ́ páànù pẹ́kípẹ́kí. Ẹ fi àyè tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ kọjú ẹ̀ sí gúúsù, ìyẹn apá ibi tílé wa wà, kó tẹ̀ díẹ̀, bíi ìwọ̀n 12 sí 15. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Omi àti aṣọ rírọ̀ ni, ní ìdájí. Ẹ má da omi tútù lé e ní ọ̀sán gangan, ojú gíláàsì tó gbóná lè sán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ṣọ́ọ̀bù kan. Gílóòbù méjì tó ń jẹ 10 W, fáànù kan tó ń jẹ 50 W, gbogbo ẹ̀ 70. Wákàtí márùn-ún lálẹ́, ó di 350. Páńẹ̀lì 300 W kan, pẹ̀lú ooru àti eruku àti wáyà tó gùn, ẹ fọkàn sí bíi 1,000 lójúmọ́. Páńẹ̀lì kan ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mẹ́ta. Bátìrì ni owó wà, òun náà ló tètè ń kú níbí. Bátìrì olómi, tẹ́ ẹ bá lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, ẹ ń pa á ni. Lithium wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ẹ lè lò ó dé 80 nínú 100, ó sì ń pẹ́. Èyí ó wù kẹ́ ẹ rà, inú òjìji ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Olómi ń yọ gáàsì tó lè gbiná, ẹ má gbé e sítòsí ààrò, ẹ má sì tì í mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ò gbà.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló nílò iná pàápàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta tòmátì, ata, ìgbá, ẹ gbọ́ eléyìí. Tíṣà kan wà ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, tó gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí ìkòkò amọ̀. Ó ki ìkòkò kékeré bọ ńlá, ó fi yanrìn tútù sáàárín méjèèjì, ó fi aṣọ tútù dé e. Bí omi ṣe ń gbẹ kúrò lára ìkòkò ìta ló ń kó ooru inú lọ. Àmù ìyá wa nílé náà nìyẹn, ọgbọ́n kan náà ni. Ìgbá tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 nínú ẹ̀. Ìlú gbígbẹ bíi tiwa ló dára fún jù, nítorí omi tètè ń gbẹ nínú ọyẹ́. Ní oṣù kẹjọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń mọ ìkòkò kò sì wọ́n níbí.

Ti igi ìdáná, mi ò fẹ́ gùn ún. Ẹ mọ iye obìnrin tó lọ ṣẹ́gi lẹ́yìn ìlú tí kò padà wálé. Ààrò alámọ̀ tí FAO ti pín ní Borno, tí kì í jẹ igi púpọ̀, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ̀ ń se oúnjẹ tà, ẹ wá a rí. Igi tó dín kù, ìrìn inú igbó ló dín kù yẹn.

Ní tèmi, èrò mi rèé fún ìpàdé. Ẹ má jẹ́ ká ra jẹnẹrétọ̀ ńlá. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé sóólà lè gbé gbogbo nǹkan. Ẹ̀rọ ìlọta àti àwọn wẹ́dà, agbára tí wọ́n ń fà pọ̀, ká tó ra bátìrì tó máa gbé ìyẹn, owó ẹgbẹ́ á ti tán. Kí wọ́n ṣì máa lo dísẹ́ẹ̀lì wọn ná, níta gbangba. Gílóòbù, fáànù, fóònù, ìyẹn ni ká kọ́kọ́ gbé kúrò lórí epo. Ká ṣe é fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà, ká wò ó títí ọyẹ́ á fi kọjá, ká tó fi kún un. Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀bù tiyín ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wọ̀, kẹ́ ẹ lè bú mi dáadáa bí kò bá ṣiṣẹ́.

Tèmi wà lórí òrùlé, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá lẹ́yìn ìrun Áṣárì, kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ mú téèpù dání. Bátìrì fóònù mi ti fẹ́ kú, ó dàárọ̀ o.