Ṣé o mọ̀? Ooru táṣẹ́rẹ́ ṣi àwọn onímọ̀ lọ́nà fún ogún ọdún
Òtútù ọyẹ́ tí í mú kí ará ìlú Obbo-Aiyegunle yáná láàárọ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kírísítálì strontium ruthenate nílò, nítorí ó di ìgbà tí ó bá tutù dé nǹkan bí -271.6°C kí iná mànàmáná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan. Láti mọ bí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe so pọ̀ ní méjì-méjì nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ a máa gbé e sáàárín òòfà alágbára, wọn a sì fi ìgbì rédíò ta àwọn kóró átọ̀mù rẹ̀ jí kí wọ́n lè gbọ́ ìdáhùn wọn, ọgbọ́n kan náà tí ẹ̀rọ MRI ilé ìwòsàn ń lò. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Japan kéde pé ìdáhùn náà kò yí padà bí òtútù ti mú tó, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì tó so pọ̀ kọjú sí apá kan náà, ohun tó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Àṣé ìgbì rédíò ọ̀hún gan-an ló ń mú kírísítálì náà gbóná! Ní 2019, ẹgbẹ́ onímọ̀ Stuart Brown ní yunifásítì UCLA dín agbára ìgbì náà kù, ìdáhùn náà sì yí padà bí òtútù ti ń mú sí i.