Àìsí Obìnrin Ló Bí I, Àwo Orin Ló Wò Ó Dàgbà
Bí ọkùnrin ṣe di aláátò, láti Marina títí dé Ketu

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ketu tàbí Ìkòsì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó fetí sí kọ́yà, á bá ètò kan tó ti wà nílẹ̀: obìnrin ló ń kọ tirẹ́bù, obìnrin ló ń kọ áátò, ọkùnrin ló ń kọ tẹ́nọ̀ àti báàsì. Bí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan bá dìde láàárín àwọn aláátò, tó la ẹnu, tí ohùn gooro bí agogo jáde, gbogbo orí ló máa yí sí i. Àwọn ọmọdé á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà míì á ní ohùn obìnrin ló ń sín jẹ. Bẹ́ẹ̀, ohùn tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rín yìí pẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà ju ètò tí wọ́n mọ̀ lọ. Nínú kàtídírà àtijọ́, ọkùnrin ló ni áátò.

Àwọn tó ń kọ orin kíláásíkà ń pe irú akọrin bẹ́ẹ̀ ní káńtàtẹ́nọ̀: ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ọkùnrin, ṣùgbọ́n tó ń fi ohùn òkè kọrin.

Ọ̀nà tí ohùn náà gbà wọ Èkó kò ṣàjèjì sí ará Ketu. Nígbà tí ọkọ̀ BRT kọ́kọ́ bọ́ sójú títì l'Ékòó ní oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 ló ti ń gbéra lọ sí CMS, ìrìn bíi kìlómítà 22. CMS tí àwọn kọ̀ńdọ́ ń fi ohùn kíkẹ̀ ké ní Ketu láti ìdájí, Church Missionary Society ni, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí Marina. Henry Townsend, ọ̀kan nínú wọn, ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Bíbélì nìkan kọ́ ni wọ́n gbé wá. Wọ́n gbé dùùrù wá, wọ́n gbé ìwé orin wá, wọ́n sì gbé ètò bí kọ́yà ṣe ń jókòó wá.

Ní kàtídírà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, obìnrin kì í wọ kọ́yà. Ọmọdékùnrin tí ohùn wọn kò tíì ki ló ń kọ tirẹ́bù. Àwọn bàbá ló ń kọ tẹ́nọ̀ àti báàsì. Ṣùgbọ́n ohùn mẹ́rin ni orin náà ń béèrè. Ta ni yóò kọ áátò? Wọ́n ní kí díẹ̀ nínú àwọn ọkùnrin gbé ohùn wọn gòkè, kí wọ́n dí àlàfo náà. Kò sẹ́ni tó rò ó pé iṣẹ́ ọnà tuntun kan lòun ń dá sílẹ̀. Àìsí obìnrin ló bí i.

Cathedral Church of Christ ní Marina tẹ̀lé ìlànà yìí. Thomas Ekundayo Phillips, tí wọ́n bí ní 1884, ti lọ kọ́ iṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní London kó tó wá jókòó nídìí dùùrù kàtídírà náà ní 1914. Kò dìde níbẹ̀ títí di 1962, ọdún 48 gbáko. Kọ́yà ọmọdékùnrin àti ọkùnrin ló ń darí. Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, ti mọ orin kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní London àti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá wọlé sí irú kọ́yà bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tirẹ́bù ni wọ́n máa fi sí. Bí ohùn rẹ̀ bá ki, wọ́n á ní kó sinmi ná. Nígbà tó bá padà, ọ̀gá akọrin á tẹ dùùrù fún un, á gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ já sí, á sì pín in sí báàsì, tẹ́nọ̀ tàbí áátò. Ẹni tí wọ́n fi sí áátò kò rí i bí ìtìjú, nítorí pé ọkùnrin ló bá níbẹ̀.

Bí Èkó ṣe ń fẹ̀ jáde kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń pọ̀ ní Ketu, Ìkòsì àti Mile 12, ètò náà yí padà. Àwọn ìyá àti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù nínú ìjọ, àwọn náà ni wọ́n sì ń tètè dé ibi ìdánrawò. Wọ́n wọ kọ́yà, wọ́n gba tirẹ́bù, wọ́n gba áátò, ó sì dùn. Kódà ní Marina, obìnrin kan, Tolu Obajimi, wá jókòó nídìí dùùrù tí Phillips tẹ̀ fún ọdún 48. Àìsí obìnrin tó bí áátò ọkùnrin ti tán. Ṣé ohùn náà kò wá ní iṣẹ́ mọ́ ni?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ṣé wọn kò tẹ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ́dàá? Yorùbá mọ ìwẹ̀fà. Ààfin Ọ̀yọ́ ní wọn, wọ́n sì lágbára níbẹ̀: Ọ̀nà Ẹfà, Ọ̀tún Ẹfà, Òsì Ẹfà. Ìtàlì náà tẹ ọmọkùnrin lọ́dàá, ṣùgbọ́n nítorí orin ni tiwọn, kí ohùn wọn má baà ki títí ayé. Èyí tó kù kẹ́yìn nínú wọn tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àwo ni Alessandro Moreschi, tó kọrin sínú gíráàmáfóònù ní Róòmù ní 1902 àti 1904, tó sì kú ní 1922. Káńtàtẹ́nọ̀ kò sí lára wọn. Ọkùnrin tó pé ni, ó sì lè bímọ bí ó ti wù ú.

Inú ọ̀fun ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Tán-án-ná méjì ló wà nínú gògóńgò. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ lásán, gbogbo ara tán-án-ná yìí ló ń gbọ̀n, bíi ìgbà 100 sí 130 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá fẹ́ kọ áátò, iṣan á fà á títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ nìkan ni yóò sì máa gbọ̀n. Bí orin bá gun dò tó tẹ̀lé dò àárín dùùrù, ìgbà tó ń gbọ̀n ti lé ní 520 láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn kan náà. Kò sí ọkùnrin tí kò ní ohùn yìí. Òun la fi ń pe ẹni tó ti rìn jìnnà lọ́jà, òun ló sì ń jáde lẹ́nu ẹni tí àkekèé ta.

Níní in kọ́ ni iṣẹ́, bí kò ṣe títọ́jú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń jò gba àárín tán-án-ná tó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kì í délẹ̀. Ọdún púpọ̀ ló ń gbà kí etí méjèèjì tó ó pàdé gírígírí. Ibì kan tún wà, ní nǹkan bíi mí sí fà lókè dò àárín, tí ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ti so pọ̀. Ọ̀gbẹ̀rì máa ń já síbẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ gbàgà. Ọ̀jáfáfá á kọjá níbẹ̀, ẹ kò ní mọ̀.

Ẹni tó mú ohùn yìí kúrò lẹ́yìn kọ́yà, tó jẹ́ kó dá dúró, ni Alfred Deller. Wọ́n bí i ní Margate, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1912. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga àti tábìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń lo ohùn náà. Ní 1940 ó wọ kọ́yà kàtídírà Canterbury. Kò fẹ́ gbé ìbọn nígbà ogun, iṣẹ́ oko ni wọ́n fún un ṣe dípò. Ní kàtídírà náà ni Michael Tippett, tó ń kọ orin sílẹ̀, ti gbọ́ ọ. Ohùn tí Tippett ń wá fún orin Henry Purcell, tó ti kú láti 1695, ló bá pàdé yìí. Ó mú un wá sí Morley College ní London ní 1944. Nígbà tí BBC ṣí ìkànnì Third Programme ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1946, Deller wà lára àwọn tó kọ orin Purcell lálẹ́ ọjọ́ náà.

Rédíò àti àwo orin ló bá ohùn yìí mu jù. Ohùn Deller kò tóbi. Ilé eré ńlá tó kún fún ohun èlò lè bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú maikirofóònù, kò níláti pariwo. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ní wẹ́lẹ́, kó jẹ́ kó wú díẹ̀díẹ̀, kó tún rọra dá a padà, gbogbo rẹ̀ nínú èémí kan ṣoṣo. Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ á gbọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sí i létí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ orin John Dowland, dùùrù olókùn tó ń jẹ́ lúùtù nìkan ló tẹ̀lé e. HMV gbé àwo rẹ̀ jáde, Vanguard ní Amẹ́ríkà àti Harmonia Mundi ní Faransé tẹ̀lé e. Ó dá ẹgbẹ́ akọrin tirẹ̀ sílẹ̀, Deller Consort. Ní 1960, Benjamin Britten kọ ipò Oberon, ọba àwọn iwin, sílẹ̀ fún ohùn rẹ̀ nínú eré olórin A Midsummer Night's Dream. Deller dá irùngbọ̀n sí, ó níyàwó, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ Mark sì di káńtàtẹ́nọ̀ bíi tirẹ̀. Ìgbà tó fi kú ní 1979, àwọn ọ̀dọ́ tí kò wọ kàtídírà rí ti ń fi àwo rẹ̀ kọ́ iṣẹ́.

Láti ibẹ̀ ló ti tàn. Derek Lee Ragin, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní 1958, ti inú kọ́yà ọmọdékùnrin Newark jáde, ó sì kọ ipò Tolomeo, ọba Íjíbítì, nínú eré olórin Giulio Cesare ti Handel tí René Jacobs gbé sínú àwo ní 1991. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù Farinelli ní 1994, nípa akọrin kan tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, kò sí irú ohùn bẹ́ẹ̀ láyé mọ́. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà so ohùn Ragin pọ̀ mọ́ ti obìnrin ọmọ Póláńdì kan, Ewa Małas-Godlewska. Ní Áfíríkà tiwa, Serge Kakudji, ọmọ Kóńgò tí wọ́n bí ní 1989, kọ orin àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú àwọn onílù àti onígìtá Kinshasa nínú eré Coup Fatal ní 2014. Gìtá kò dá a dúró, ìlù kò bò ó.

Etí Yorùbá kò sì fìgbà kan kórìíra ọkùnrin tó ń kọrin lókè. Ní 1936, Tunde King gbé àwo jùjú jáde fún Parlophone, òkè lọ́hùn-ún ló fi ohùn rẹ̀ sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tunde Nightingale dé, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí ní 1922, tó kú ní 1981, tó fi ohùn gooro kọ orin ṣó-wà-ńbẹ̀ fún àwọn ọlọ́lá Èkó. Wọ́n ná owó lé e lórí, wọ́n jó o mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní obìnrin ló ń sín jẹ.

Nítorí náà, ohùn náà níṣẹ́, iṣẹ́ náà sì wà nílé. Ayo Bankole, tó gbáyé láti 1935 sí 1976, kọ orin Yorùbá mẹ́ta sílẹ̀ fún báritóònù àti dùùrù ní 1959. Sowande kọ orin fún tẹ́nọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé bí aláátò bá gbé irú orin bẹ́ẹ̀ gòkè, ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá á bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Phillips kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953, pé orin wa gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀lé, kì í ṣe bí ó ti ga tó. Ìyáàlù dùndún ń fi ohùn tó wúwo ki oríkì, gángan ń fi ohùn tó ga ki oríkì kan náà, ẹni tí wọ́n ń kì sì mọ orúkọ rẹ̀ nínú méjèèjì.

Kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni lé obìnrin kúrò nídìí áátò. Nígbà tí Handel kọ́kọ́ gbé Messiah jáde ní Dublin ní 1742, ó fún obìnrin kan, Susannah Cibber, ní orin áátò kan tó gba omijé lójú èèyàn, ó sì fún àwọn ọkùnrin aláátò tó wá láti kàtídírà ní tiwọn. Ìwé orin kan náà gba àwọn méjèèjì.

Ọwọ́ àwọn ọ̀gá akọrin wa ni ìyókù wà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wá sí ìdánrawò ní Ìkòsì, tí ohùn rẹ̀ ti ki ṣùgbọ́n tí ohùn òkè rẹ̀ ṣì mọ́, kí wọ́n má tètè tì í sí báàsì nítorí ẹ̀rín àwọn ọmọdé. Kí wọ́n tẹ dùùrù fún un láti dò àárín lọ sókè, kí wọ́n gbọ́ ibi tí ohùn méjèèjì ti so pọ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe kọjá níbẹ̀ láìjá. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn báyìí, maikirofóònù sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti kọ ọ́ tó dára, kí wọ́n gbà á sílẹ̀.