Ọkọ̀ Alágbára nínú Oòrùn Accra: Bí A Ti Ń Yan Rédíétọ̀ àti Fáànù Rẹ̀

Ìtìjú ńlá ni fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ àtijọ́ kí oru omi gbígbóná máa rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọ̀sán gangan ní Kwame Nkrumah Circle, kí àwọn awakọ̀ tírótíró sì máa fọn fèrè lé e lẹ́yìn. Àwọn tí ń kọjá yóò ní ọkọ̀ náà ti gbó, kí ó gbà á láyè kí ó sinmi. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ ni ó sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe irin. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì tí ń mú ara ẹ́ńjìnì tutù: rédíétọ̀ àti fáànù.

Ní ọdún 1964 ni ilé iṣẹ́ Pontiac gbé GTO jáde ní Amẹ́ríkà, ọdún náà gan-an sì ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ta Ford Mustang, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin. Láti ìgbà náà ni ìdíje ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn olùṣe ọkọ̀, tí wọ́n ń ki ẹ́ńjìnì ńlá onísílíńdà mẹ́jọ bọ inú ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀. Ẹ́ńjìnì tí ó lágbára kò lè ṣàì gbóná. Bí a bá pín ooru epo tí ń jó nínú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan ni omi ní láti gbé lọ sí rédíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Bí omi ẹ́ńjìnì bá wà ní ìwọ̀n 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí afẹ́fẹ́ ìta ní ìlú olótùútù sì jẹ́ 10, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ 80. Ṣùgbọ́n ní Accra, nígbà tí oòrùn bá mú ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ lè tó 33. Ìyàtọ̀ náà yóò wá di 57 péré. Rédíétọ̀ kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà, ti pàdánù ju ìdámẹ́rin agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá sí etí òkun wa tí kò ro èyí, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Síbẹ̀, kí á tó náwó, ó yẹ kí á mọ àrùn tí ń ṣe ọkọ̀ náà, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá. Ọ̀nà ìdánwò kan wà tí kò ná ni ní ohunkóhun ju epo lọ. Ẹ wa ọkọ̀ náà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kaneshie, lẹ́yìn náà kí ẹ wà á ní eré tó tọ́ lórí òpópónà Accra sí Tema, ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 19, tí ìjọba Nkrumah ṣí ní ọdún 1965. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ dúró ni ó ń gbóná, tí ó sì ń tutù nígbà tí ó bá ń sáré, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ mìíràn tí ń fẹ́ sí ọkọ̀ tí ó dúró. Bí ó bá jẹ́ pé orí eré ni ó ti ń gbóná, ó ṣeé ṣe kí rédíétọ̀ ti dí tàbí kí ó kéré, tàbí kí pọ́ńpù omi má ṣiṣẹ́ dáradára. Bí ó bá sì ń gbóná níbi gbogbo, ẹ yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì wò kí ẹ tó ra ohun tuntun kankan.

Ẹni tí ó bá wá pinnu láti ra rédíétọ̀ lè lọ sí Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Gánà. Oríṣi méjì ni yóò bá pàdé. Èkíní ni ti bàbà àti idẹ, irú èyí tí ọkọ̀ àtijọ́ bá wáyé. Ó wúwo, ṣùgbọ́n bí ó bá ń jò, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ lè fi òjé dí i, ó sì lè pààrọ̀ inú rẹ̀ pátápátá. Èkejì ni ti alumíníọ̀mù. Ó fúyẹ́, ó sì ń mú omi tutù dáradára, ṣùgbọ́n ìjóorin rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, omi lásán tí kò ní oògùn ìpata nínú sì máa ń jẹ ẹ́. Kí òǹrajà má ṣe ka iye ìlà nìkan. Ìlà méjì tí ó fẹ̀ nínú alumíníọ̀mù lè ṣe iṣẹ́ ìlà mẹ́rin tóóró ti bàbà, rédíétọ̀ tí ó bá sì nípọn jù máa ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ojú rẹ̀ tí ó kọjú sí afẹ́fẹ́: kí ó fẹ̀, kí ó sì ga tó bí àyè ọkọ̀ bá ti gbà.

Ní ti fáànù, èyí tí bẹ́líìtì ń yí kò nílò iná mànàmáná, kì í sì í ṣàìsàn lójijì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òun náà a máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èyí tí iná ń yí kò bìkítà fún eré ẹ́ńjìnì, àmọ́ ó ń jẹ iná púpọ̀. Èyí tó bá tóbi lè gbà tó ampere 30, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlítánétọ̀ ọdún 1960 sí 1969 kò lè mú tó 60 jáde. Ẹni tí ó bá yàn án gbọ́dọ̀ fi rílè àti fíúsì sí i, kí ó sì yẹ àlítánétọ̀ wò. Èyí ó wù kí á yàn, ìbòrí tí ó yí fáànù ká ṣe kókó, nítorí òun ni ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú rédíétọ̀ kọjá. Rẹ́wáyà mìíràn a sì máa so wáyà fáànù sódì, tí yóò fi máa fẹ́ afẹ́fẹ́ padà síwájú. Ẹ mú bébà pẹlẹbẹ kan sún mọ́ iwájú rédíétọ̀: bí fáànù bá tọ́, yóò fà á mọ́ra.

Ohun kékeré méjì ṣẹ́kù. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán. Èyí tí ó ń di ìtẹ̀mọ́lẹ̀ pọ́un 15 mú kì í jẹ́ kí omi hó títí yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 120 Celsius, dípò 100. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣí i nígbà tí ó gbóná, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Èkejì ni tẹ́mósítáàtì, ilẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tó. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní Accra, gẹ́gẹ́ bí ní Èkó, a máa yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa kò nílò rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí kò bá gbóná tó yóò máa mu epo lámujù, yóò sì tètè gbó. Ẹni tí ó yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ nítorí ooru kò wo olè sàn.

Kí ni èyí kan àwọn tí kò ní ọkọ̀ rárá, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́? Ó kàn yín gidigidi. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi Gánà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Ní ọdún 1983, ó kan àwọn ará Gánà tí Nàìjíríà lé. Nínú ìrìn àjò méjèèjì, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni iṣẹ́ tí ó mọ̀. Abájọ tí inú wa fi dùn sí ohun tí Yunifásítì Kumasi ṣe ní ọdún 1980, nígbà tí wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ ní Suame Magazine láti so ẹ̀kọ́ ìwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́ òòlù.

Òmìnira tí ń ra gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti òkè òkun nítorí pé kò mọ bí a ti ń tún èyí tí ó wà nílẹ̀ ṣe, òmìnira àbọ̀ ni. Ẹ mú rédíétọ̀ tó ti bàjẹ́ lọ sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ibi tí omi ń gbà, kí wọ́n mọ ìdí tí omi fi ń hó, kí wọ́n sì ṣírò ìyàtọ̀ 80 àti 57 fúnra wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá di oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń béèrè ìdí kí ó tó mú sípánà, ilẹ̀ wa ti jèrè.