Gòrò kì í lé àárẹ̀ lọ, ṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀: Ọ̀rọ̀ rèé fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú

Awakọ̀ tó ń kó ẹrù láti Kano wá sí Èkó máa ń jẹ gòrò, ìyẹn gbànja, kí oorun má baà gbé e lọ. Ìyá ọmọ tuntun míì náà ń jẹ ẹ́, òmíràn sì ń mu energy drink.

Caffeine ló wà nínú méjèèjì. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine máa ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, tí oorun á fi máa kùn wá. Caffeine ló ń dí i lọ́nà. Ojú á là, àmọ́ àárẹ̀ ṣì wà lára. Ó tún lè pa ebi fúngbà díẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, inú á sì tètè máa bí èèyàn.

Ẹ̀yin ìyá, caffeine ń wọ inú omi ọmú. Nǹkan bíi wákàtí 5 ni ara àgbàlagbà fi ń mú ìdajì rẹ̀ kúrò. Ti ọmọ tuntun lè gba ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ yín kò bá sùn, tó ń ké ṣáá, ẹ rántí ohun tí ẹ jẹ, kí ẹ dín in kù. Bí kò bá mu ọmú dáadáa tàbí ara rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má fún ọmọdé ní energy drink. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gba ọmọ mọ́ra, kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Oorun nìkan ló ń san gbèsè oorun.