Ìmọ̀lára àti làákàyè nínú ìdájọ́ júrì

Júrì ni ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ilé-ẹjọ́ yàn láti gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, kí wọ́n sì sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú júrì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ghana, 7 ni. Adájọ́ ló ń ṣàlàyé òfin fún wọn, tó sì ń kìlọ̀ pé kí àánú tàbí ìbínú má ṣe darí wọn. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń jíròrò, wọn kì í sì í sọ ìdí ìdájọ́ wọn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wádìí ohun tó ń darí ìpinnu wọn.

Ìwádìí

Ní ọdún 1966, Harry Kalven àti Hans Zeisel ti Yunifásítì Chicago tẹ ìwé The American Jury jáde. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn adájọ́ bí àwọn ìbá ti dá ẹjọ́ ọ̀daràn 3,576 tí júrì gbọ́. Èrò adájọ́ àti ti júrì bára mu nínú nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàyé wọn ni pé ìmọ̀lára kì í sábà borí ẹ̀rí tó dájú. Ìgbà tí ẹ̀rí ìhà méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni ó máa ń ráyè wọlé.

Ẹjọ́ Damilola Taylor

Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n bí ní Èkó, kú ní Peckham, London, ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2000, lẹ́yìn tí ìgò fífọ́ gé e ní itan. Ikú rẹ̀ ba gbogbo Britain lọ́kàn jẹ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2002, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn gba ìdáláre, nítorí ẹ̀rí ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì kò ṣeé gbára lé. Nígbà tó yá, àyẹ̀wò tuntun fi ẹ̀jẹ̀ Damilola hàn lára bàtà àti aṣọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì mìíràn. Ní ọdún 2006, júrì kan kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀. Júrì tó tẹ̀ lé e ló dá wọn lẹ́bi, wọ́n sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 8 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láàrin ọdún mẹ́rin yìí, ìbànújẹ́ àwọn ènìyàn kò dín kù. Ẹ̀rí ló pọ̀ sí i.

Nàìjíríà

Júrì wà ní Èkó nígbà ìjọba amúnisìn, ṣùgbọ́n kò sí mọ́. Bí ìpànìyàn bá ṣẹlẹ̀ ní Ìkọ̀tún tàbí Ẹgbẹ́dá ní Alímọ̀ṣọ́, adájọ́ kan ṣoṣo ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Abala 36(5) nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 ka afurasí sí aláìjẹ̀bi títí ẹ̀rí yóò fi tako ó, abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sì ní kí olùpẹ̀jọ́ fìdí ẹ̀sùn ọ̀daràn múlẹ̀ kọjá iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu. Ènìyàn ni adájọ́ náà, àánú àti ìbínú lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí a kì í béèrè lọ́wọ́ júrì. Ìdí yẹn ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn máa ń gbé yẹ̀ wò bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi bá ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.