Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ fi ń bú ilé-ìwé rẹ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bú u?

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èébú Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹnu géètì wọ inú ọgbà ní Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ sì panu mọ́. Kí ọkọ̀ tó dé ibi tí ẹ ó ti sọ̀, ẹ ó ti gbọ́ nípa omi ẹ̀rọ tí kò yọ láti ìjẹta, iná tí wọ́n mú lọ nígbà tí ìwé kíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọra, olùkọ́ tó ní kí gbogbo kíláàsì pé jọ ní aago méje àárọ̀ tí òun alára kò yọjú, àti ibùsùn tó ti tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ojú-ewé tó ṣí tán. Ẹ wá dán an wò, kí ẹ̀yin àlejò fi tiyín kún un pé, "Ilé-ìwé yìí mà ti bàjẹ́ o." Gbogbo ọkọ̀ ni yóò kọjú ìjà sí yín. Wọ́n á ní Great Ife, bí wọ́n ṣe ń pe ilé-ìwé wọn, kì í ṣe ẹgbẹ́ ibi tí ẹ ti wá.

Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Fásitì Èkó, UNILAG, yóò máa jẹ́ Fásitì Moshood Abíọ́lá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ráhùn nípa họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn ní Àkókà ló tú síta, tí wọ́n dí títì. Abíọ́lá kọ́ ni wọ́n ń bá jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọ̀rọ̀ ìdìbò June 12 ti Abíọ́lá ń dùn. Ohun tó bí wọn nínú ni pé ẹnì kan jókòó sí Abuja, ó fi orúkọ wọn tọrẹ láì bi wọ́n. Ìjọba padà gbé ọ̀rọ̀ náà tì.

Ẹni tó ń wò wọ́n láti òkèèrè lè rò pé àwọn ọmọ yìí kò mọ èyí tí wọ́n ń ṣe. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló bí ìráhùn wọn tó sì bí ìfẹ́ wọn, ìyẹn èrò tó pọ̀ jù. Fásitì ìjọba ńlá kún ju agbára rẹ̀ lọ. Kíkún náà ló ń fìyà jẹ ẹni tó wà níbẹ̀, òun náà ló sì ń fún un ní ohun tí owó ilé-ìwé aládàáni kì í sábà rà.

Kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Fásitì Ifẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní oṣù Kẹwàá 1962, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 244 péré ló sì ní. Ọdún 1967 ló kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ gan-an, sórí ilẹ̀ tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ya ilé rẹ̀. Sharon mọ̀ pé oòrùn àti òjò ibí yàtọ̀. Ó jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ kí ó lè ṣíji bò ó, ó sì ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Títí di òní, ẹwà ọgbà náà wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń dárúkọ bó bá fẹ́ yin Ifẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gba fásitì náà ní 1975, wọ́n sì fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é ní 1987, ọdún tí bàbá náà kú. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lé ní 30,000. Ilé gbígbé kò bá wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn jambite tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àti àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rò bí wọ́n bá ń pín ibùsùn. Àwọn stalite, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó kù, á tẹjú mọ́ fóònù, wọ́n á máa dúró kí ìkànnì fásitì ṣí. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ bá fà lẹ́sẹ̀ ti pàdánù nìyẹn. Ọ̀nà méjì ló kù fún un. Ó lè lọ gba yàrá nígboro, ní Lágéré, Mayfair, Damico tàbí Asherifa, níbi tí onílé yóò ti gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí ajẹ́ǹtì á tún na ọwọ́ tirẹ̀. Bí kò bá sí owó ìyẹn, á di squatter.

Squatter ni ẹni tí kò ní ibùsùn lórúkọ ara rẹ̀, tó ń sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, ọmọ ìlú rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí kan náà. Òfin fásitì kò fàyè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ óò wá yàrá tí kò sí títí kí ẹ tó rí i. Yàrá tí wọ́n ṣe fún ènìyàn mẹ́rin lè gba mẹ́jọ. Squatter ló ń kọ́kọ́ jí, tó ń ká fóòmù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́. Òun ló ń pọnmi jù. Bí àríyànjiyàn Arsenal àti Chelsea bá bẹ́ sílẹ̀, yóò sọ tirẹ̀ wẹ́rẹ́, torí kò fẹ́ kí ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì bínú. Bí pọ́tà bá ń bọ̀ wá yẹ yàrá wò, ó ti lọ kàwé nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó ti gbé bẹ́ẹ̀ rí á sọ fún yín pé ìyà gidi ni. Ẹ wá padà lọ bá a nígbà tó bá ti jáde fún ọdún mẹ́wàá. Inú yàrá yẹn ló ti pàdé ẹni tó bá a wá iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ́ ọ ní ìṣirò tó fẹ́ fà á sẹ́yìn, fóòmù wọn ló kan ara wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ọmọ Ígbò àti ọmọ Ẹ̀bìrà sùn sójú kan fún ọdún mẹ́rin ti mọ bí wọ́n ṣe ń bínú àti bí wọ́n ṣe ń ṣeré, ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. Àwọn ilé gbígbé náà ti wá ní ìwà tiwọn. Awo Hall jẹ́ ti ọkùnrin, àwọn ará ibẹ̀ sì lórúkọ fún fífi ẹni tó ń kọjá ṣe yẹ̀yẹ́. Angola àti Mozambique ń jẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè méjì tó gba òmìnira lọ́wọ́ Portugal ní 1975, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjàgbara gbilẹ̀ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà.

Ìjàgbara náà kò tí ì kúrò lẹ́nu wọn. Aluta ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ ló sì wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní Zik Hall ló dá ìwọ́de sílẹ̀ ní Fásitì Ìbàdàn, tí ọlọ́pàá fi yìnbọn pa Kúnlé Adépéjù ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kejì, 1971. Ní 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ fi kún owó oúnjẹ òòjọ́ akẹ́kọ̀ọ́. "Ali Must Go" ló tẹ̀lé e. Ali náà ni Kọ́núẹ̀lì Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nnà àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́. Ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí i, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ wọn, NUNS, wọ́n sì dá NANS sílẹ̀ dípò rẹ̀ ní 1980. Oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú yẹn ti dàwátì tipẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka iye ìrẹsì, ẹ̀wà àti pọ̀nmọ́ lónìí kò bá ìjọba dúnàádúrà mọ́, ìyá olóúnjẹ ní buka ló ń bẹ̀: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kún un."

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ pé ariwo lérè ṣì wà. Àwọn aláṣẹ náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń fèsì. UNILAG ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pa lẹ́yìn ìwọ́de 2016, Ìbàdàn náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017 nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn lórí káàdì ìdánimọ̀.

Bí ẹ bá wá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú ìṣòro kan ṣoṣo, ìyanṣẹ́lódì ni ọ̀pọ̀ á mú. Ní 2020, ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ fásitì, gùn lé e ní oṣù Kẹta, ó di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ní 2022, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá: oṣù mẹ́jọ gbáko. Àdéhùn tí ìjọba àti ASUU bá ara wọn ṣe ní 2009, lórí owó oṣù àti owó tó yẹ kó máa wọlé fún fásitì, wà lára ohun tó fa ìjà náà. Púpọ̀ nínú àwọn tó jìyà rẹ̀ ní 2022 ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí àdéhùn náà. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin di mẹ́fà. Ẹni tó pẹ́ kó tó wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kò lè sin ìlú ní NYSC mọ́. Àwọn kan kọ́ iṣẹ́ télọ̀, àwọn kan kọ́ bí a ṣe ń tún fóònù ṣe, àwọn mìíràn rí owó nídìí iṣẹ́ náà tí ìwé kò fi wù wọ́n mọ́.

Ohun tó ya àlejò lẹ́nu ni pé kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bú olùkọ́. Ẹni tó wà ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, tí ènìyàn ogún ti yí ẹ̀rọ kan ká rí, mọ ohun tí ASUU ń sọ. Ẹni tí òbí rẹ̀ ń tajà láti rán an níwèé kò ráyè ìyẹn. Fásitì Ìlọrin fi ìyanṣẹ́lódì yìí jèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2001 ni kò bá ASUU dá sí i, àwọn òbí sì ń tì í lẹ́yìn nígbà náà nínú fọ́ọ̀mù JAMB tí wọ́n fi ń wọ fásitì, kódà bí ọmọ bá fẹ́ Ifẹ̀.

Kí ló wá dé tí ẹni tó lágbára kò kúkú lọ sí ti aládàáni? Ọ̀pọ̀ ń lọ. Láti 1999 tí ìjọba ti fún Babcock àti àwọn mìíràn níwèé àṣẹ, irú fásitì bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ASUU kì í sì í tì wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Ifẹ̀ bóyá yóò bá wọn pààrọ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Á ní níbẹ̀, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń jáde géètì, Covenant ní Ọ̀tà kò sì gba fóònù láyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ifẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìgbà tí ẹ wọlé. Òmìnira yìí ni mo rò pé wọ́n fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń ṣọṣẹ́ fún ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ó ti gba ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Ní òru ọjọ́ 10, oṣù Keje, 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ Awo Hall, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, George Iwilade tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Bí ọmọ Ifẹ̀ bá ń ṣọ́ ọgbà rẹ̀ lójú méjèèjì nípa ẹgbẹ́ òkùnkùn, ibẹ̀ ló ti wá.

Ìfẹ́ náà ní ààlà. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2021, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan kú ní Ifẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ pé ilé ìwòsàn fásitì kò tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n dí ọ̀nà, fásitì sì ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pariwo Great Ife.

Ohùn ìráhùn náà ti ń yí padà nísinsìnyí. Fásitì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba oyè àkọ́kọ́, àwọn owó mìíràn ló ń gbà, wọ́n sì kéré tẹ́lẹ̀. Ní 2023, UNILAG gbé owó yìí láti nǹkan bí 19,000 náírà lọ sí òkè 100,000, àwọn mìíràn náà sì fi kún tiwọn. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn yẹ kó pẹ́ jù, fò láti 68 náírà sí 225 lórí kilowatt-hour kan, ìṣirò tó ń ga fásitì náà lára. NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí ìkànnì rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ń san owó fún ilé-ìwé tààrà, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù fún ìnáwó. Tẹ́lẹ̀, bí omi kò bá yọ, wọ́n á ní ìjọba ni, kí la fẹ́ ṣe? Ní báyìí, rìsíìtì ni wọ́n ń nà jáde. Ẹni tó yáwó kàwé mọ̀ pé òun ni yóò san án padà bí òun bá ríṣẹ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi omi tí ó sanwó rẹ̀ hàn án.